Kọ́kọ́rọ́ Àjà Kejìlélógún

Wọ́n máa ń sọ pé òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì pàdé Àǹtí Àgbà. Àǹtí Àgbà lẹ́ran láyà, ó lẹ́ran lẹ́rẹ̀kẹ́, ó sì ní ẹ̀rín kan tó máa ń rín sí àwọn tó bá wá wo ilé, ẹ̀rín tó ti bá a ta ilé méjìlélógójì láàárín ọdún mọ́kànlá. Ẹ̀rín yẹn náà ló rín láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tí Ọ̀gá gba kọ́kọ́rọ́ àjà kejìlélógún lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì gbé e lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ níṣojú gbogbo ọ́fíìsì.

"Oṣù mẹ́rin ti tó," Ọ̀gá wí. "Ẹ jẹ́ ká fi ọwọ́ tuntun dán an wò."

Àǹtí Àgbà ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ó pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ fi ń ta á.

Alágbàtà ilé ni gbogbo wọn, ilé olówó ni wọ́n sì ń tà. Ilé gíga onígíláàsì kan wà tí wọ́n ti ń tà ní fúláàtì-fúláàtì láti ọdún méjì, gbogbo rẹ̀ sì ti lọ tán àfi èyí tó wà lókè pátápátá. Fúláàtì kan ṣoṣo ló gba gbogbo àjà kejìlélógún. Fèrèsé rẹ̀ ga tó ògiri, òkúta ilé ìdáná rẹ̀ sì ń dán débi pé èèyàn lè fi í wojú kó tó jáde. Ọ̀gá fẹ́ fẹ̀yìn tì nígbà tí oṣù bá parí, ó sì ti sọ ọ́ ní gbangba pé ẹni tó bá ta fúláàtì yẹn ni yóò jókòó sórí àga òun nínú yàrá onígíláàsì. Ọdún mọ́kànlá ni Àǹtí Àgbà ti ń wo àga náà. Ó mọ ibi tí awọ rẹ̀ ti ya.

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pe àbúrò rẹ̀, nítorí ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì sí ibi tí kò lè gbà wọlé. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Àǹtí Àgbà ló mú un wọ iṣẹ́. Òun ló kọ́ ọ pé kó ṣí kọ́tìnì kí oníbàárà tó wọlé, pé ìyàwó ni kó máa bá sọ̀rọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ ló ń sanwó, pé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí ẹ̀rọ omi nírọ̀lẹ́. Lójú Àǹtí Àgbà, ẹni tí èèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ níṣẹ́, ẹ̀yìn èèyàn ló yẹ kó máa rìn. Bí ó bá sì yára jù, kó tọrọ ọ̀nà.

Nígbà tí Àǹtí Àgbà délé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó bá Màmá lórí fóònù. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìyá wọn ń gbé láti ìgbà tí orúnkún ti ń dùn wọ́n.

"Ọmọ mi dáadáa," ni Màmá ń sọ fún Abẹ́rẹ́. "Mo mọ̀ pé wàá débẹ̀. Orí ẹ máa gbé ẹ ga ju báyìí lọ."

Ní gbogbo ìgbà méjìlélógójì tí Àǹtí Àgbà ti wá ròyìn pé òun ta ilé, ohun kan náà ni Màmá máa ń sọ: "Ó dáa. Ṣé o ti jẹun?"

Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó da báàgì rẹ̀ sórí ibùsùn. Kọ́kọ́rọ́ àjà kejìlélógún bọ́ síta. Ojúlówó ni Ọ̀gá gbà láàárọ̀. Èyí ni ìkejì tí òun fúnra rẹ̀ lọ gé. Kò sí alágbàtà tó ń dá kọ́kọ́rọ́ padà láìjẹ́ pé ó ti gé ìkejì rẹ̀, torí èèyàn lè gba ẹ̀yìn mú oníbàárà wọlé lọ́jọ́ tí ẹni tó nilé lọ́wọ́ kò bá sí ńtòsí. Gbogbo wọn ló ń ṣe é. Kò sì sí ẹni tó ń jẹ́wọ́ rẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ gbé ọ̀bẹ sí i lọ́rùn.

Ó sọ kọ́kọ́rọ́ náà padà sínú báàgì. Kò jẹun alẹ́ ọjọ́ náà.

*

Káfíńtà tó ṣe gbogbo ilẹ̀kùn inú ilé gíga yẹn ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń to pákó sí. Gbogbo alágbàtà ló mọ̀ ọ́n, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ sókè. Ọkùnrin kan bú u nígbà kan lójú àwọn èèyàn. Ní ọjọ́ keje, ọkùnrin náà wọ bálùwẹ̀ ilé ara rẹ̀, kò sì rí ọ̀nà jáde títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Ilẹ̀kùn bálùwẹ̀ náà kò ní kọ́kọ́rọ́. Láti ìgbà yẹn, ìta gbangba ni ọkùnrin náà ti ń wẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Àǹtí Àgbà lọ. Inú ṣọ́ọ̀bù ṣókùnkùn, ó sì ń rùn fún góòmù pákó. Káfíńtà kò gbójú sókè nígbà tí obìnrin náà ń ro ẹjọ́ rẹ̀.

"Ṣé kó kú ni?" ó bi í, bí ẹni ń béèrè bóyá ilẹ̀kùn kan ni tàbí méjì.

Àǹtí Àgbà gbé báàgì rẹ̀ láti apá kan sí èkejì. "Rárá o. Àbúrò mi ni."

"Ikú ló yá jù."

"Ẹ gbọ́ mi, bàbá. Kó ṣáà má rí i tà ni. Kó tẹ́ lójú àwọn oníbàárà, kó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ lọ dá kọ́kọ́rọ́ padà."

Káfíńtà ń fọwọ́ pa pákó kan tó wà níwájú rẹ̀. "Irọ́ niṣẹ́ yín, àbí?"

"Kì í ṣe irọ́. A kàn kì í sọ gbogbo ẹ̀ ni."

Káfíńtà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò ní ohùn. "Màá ṣe èèdì kan fún un. Bó bá ti wọ ilé yẹn, gbogbo ohun tó ti gbé mì ló máa bì. Ohun tó bá fi pamọ́ síkùn, ẹnu ẹ̀ náà ló máa fi tú u síta."

"Báwo ni òògùn náà ṣe máa mọ̀ pé òun ni?"

"Kọ́kọ́rọ́ ló máa fi mọ̀ ọ́n. Ẹnikẹ́ni tí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn yẹn bá wà lára ẹ̀ nínú ilé yẹn, ó máa mú un. Kọ́kọ́rọ́ mélòó ló wà?"

"Ẹyọ kan ni," Àǹtí Àgbà dáhùn, ó sì na ìkejì sí i. "Mo rọra yọ ọ́ nínú báàgì ẹ̀ ni. Màá dá a padà kó tó mọ̀."

Irọ́ náà jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó ti ń pa á láti ọdún mọ́kànlá, kò mọ̀ ọ́n ní irọ́ mọ́.

Káfíńtà fi irin ha ẹ̀gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ náà títí lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ fi dà sórí bébà. Ó kẹ̀yìn sí i, ó ń bá ohun kan tó wà nínú àpótí sọ̀rọ̀, ohun tó wà nínú àpótí náà sì wúkọ́. Nígbà tó yíjú padà, oǹdè kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, dúdú, kò ju àtàǹpàkò lọ. Ó gbóná bí ara èèyàn.

"Inú ilé, lórí férémù ilẹ̀kùn àbáwọlé, ibẹ̀ ni kó o tì í mọ́," ó wí. "Bí ohun kan bá bá ẹ sọ̀rọ̀ níbẹ̀, má dá a lóhùn. Ò báà mọ ohùn ẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Abẹ́rẹ́ lọ jẹun ọ̀sán, Àǹtí Àgbà gun lífìtì lọ sókè. Ó gun àga, ó ti oǹdè náà mọ́ òkè férémù, ó sì gbé àga padà sídìí tábìlì. Kò tíì jáde tán nígbà tó gbọ́ ohùn Màmá láti yàrá tó wà ní ìpẹ̀kun, yàrá tí kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀.

"Ṣé o ti jẹun?"

Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Nínú lífìtì, ó ń tọ́ ìpẹtà wò lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi dé ìsàlẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ẹ̀rù ló ń ba òun.

*

Ọmọńlé mẹ́ta ni Abẹ́rẹ́ bá lẹ́nu ọ̀nà ní Ọjọ́bọ̀, tí wọ́n kú, tí wọ́n da ikùn délẹ̀, tí orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjú sí ilẹ̀kùn. Ó fi bàtà rọra gbá wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí tọkọtaya tó ń mú bọ̀ má baà rí wọn. Ó ṣílẹ̀kùn, ó ṣí kọ́tìnì àtijọ́ tó wà níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe kọ́ ọ.

"Omi ńkọ́?" ìyàwó béèrè.

Èsì rẹ̀ ti wà létè: omi kì í lọ níbí, màdáàmù. Ìgbà yẹn ni ahọ́n rẹ̀ wúwo. Ohun kan bí ìpẹtà dé sí i lẹ́nu.

"Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, omi kì í gòkè kọjá àjà kẹẹ̀ẹ́dógún," ó gbọ́ tí òun ń sọ. "Ẹ máa máa pọn ọ́n sínú ike láàárọ̀."

Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀rọ̀ gba àárín ìka rẹ̀ jáde. "Bálùwẹ̀ kejì ń jò. Ọ̀dà ni wọ́n fi bò ó. Ọkùnrin tó wà lábẹ́ yín máa ń lu ìyàwó ẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ẹ máa máa gbọ́ ọ."

Ọkọ wo ìyàwó. Lífìtì ti ṣí sílẹ̀ dè wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́.

Bákan náà ló ṣe rí ní ọjọ́ Ẹtì pẹ̀lú ọkùnrin oníṣòwò kan, àti ní ọjọ́ Àbámẹ́ta pẹ̀lú àwọn ọmọge méjì tí wọ́n fẹ́ dàpọ̀ rà á. Lẹ́yìn tí àwọn yẹn lọ, Abẹ́rẹ́ sáré sọ̀kalẹ̀, ó rí ìyá kan lẹ́nu géètì, ó ní, "Mà, aṣọ yín yìí mà dára o." Aṣọ náà burú jáì. Irọ́ náà jáde láìsí ìdíwọ́ kankan. Ó wá yé e pé kì í ṣe ara òun ni nǹkan ń ṣe, ilé yẹn ni, ẹ̀rù sì bà á débi pé ó jókòó sórí àtẹ̀gùn.

*

Àǹtí Àgbà gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu àwọn ọlọ́dẹ kí Abẹ́rẹ́ tó délé. Ní Ọjọ́ Ajé, ó po tíì fún un ní ọ́fíìsì, ó fi wàrà tó pọ̀ sí i bí Abẹ́rẹ́ ṣe fẹ́ràn rẹ̀.

"Má dá ara ẹ lóró," ó wí. "Ilé yẹn le. Èmi tí mo dàgbà nínú iṣẹ́ yìí gan-an, ó bá mi jà."

"Àǹtí mi, ẹ bá mi gbàdúrà."

Abẹ́rẹ́ gbé orí lé e léjìká, ó ń sunkún. Àǹtí Àgbà fọwọ́ gbá a mọ́ra, ó ń gbàdúrà sókè, ọ̀rọ̀ dídùn ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ dídùn. Ó ń wo àga tó wà nínú yàrá onígíláàsì láti orí irun àbúrò rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ojú kò tì í pé inú rẹ̀ dùn, ìyẹn sì ni ohun tó burú jù.

*

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ni ìyá tó ń rán kọ́tìnì gbé kọ́tìnì tuntun wá sí àjà kejìlélógún. Àgbàlagbà ni, ó gbé okùn ìwọ̀n sọ́rùn. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fa imú.

"Ta ló fi góòmù pákó sí ibí?"

"Kò sí góòmù níbí, mà," Abẹ́rẹ́ wí.

"Ó wà." Ó yíjú padà, ó fẹ̀yìn wọlé, kò sì gbójú sókè wo férémù. "Mo mọ ọwọ́ tó ṣe é. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi bá ọwọ́ yẹn gbé. Káfíńtà ni. Mo kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ tí ilẹ̀kùn yàrá mi bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ mi."

Omi bọ́ lójú Abẹ́rẹ́. Ó rò ó fún un, gbogbo rẹ̀, kò sì lè fi ìkankan pamọ́ níbẹ̀ bó tilẹ̀ fẹ́. Ìyá oníkọ́tìnì jókòó sílẹ̀, ó gbé etí kọ́tìnì lé itan.

"Mi ò lè tú u," ó wí. "Ẹni tó rán an níṣẹ́ ló ń tú ohun tí ọkùnrin yẹn bá dè. Ṣùgbọ́n mo lè pe ẹni náà wá. Tutọ́ sí òwú yìí."

Abẹ́rẹ́ tutọ́ sí i. Ìyá náà rán ohun kan mọ́ inú etí kọ́tìnì, ohun tí kò jẹ́ kí Abẹ́rẹ́ rí. Ó ń kùn lábẹ́lẹ̀ bó ṣe ń ránṣọ. Nígbà tó gé òwú náà, fèrèsé tó wà ní títì gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan.

"Láti ìsinsìnyí lọ, àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni náà á máa yún un. Kò ní rójú jókòó. Ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ló máa gbé e wá síbí, á sì fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́."

"Ta ni, mà?"

"Ẹ̀hìnkùlé lọ̀tá wà, ọmọ mi. Inú ilé ni aṣeni ń gbé."

Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ará ilé rẹ̀ lọ́kàn. Wọn kò ju méjì lọ. Ó dá kíkà náà dúró, ó lọ bá ìyá náà di kọ́tìnì mú kó lè fi kọ́.

*

Opó kan tó ń ta góòlù, tí gbogbo ìlú ń pè ní Màdáàmù Góòlù, ló wá wo ilé náà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Abẹ́rẹ́ kò tiẹ̀ gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín mọ́. Kí obìnrin náà tó béèrè ohunkóhun, ó ti sọ ti omi, ó ti sọ ti bálùwẹ̀, ó ti sọ ti ọkùnrin ìsàlẹ̀.

Màdáàmù Góòlù jókòó sórí àga gígùn, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú.

"Ilé mọ́kànlá ni mo ti wò," ó wí. "Kò sí èyí tó ní àléébù nínú mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Mo ti ń rò pé èmi ni àléébù. Gbọ́, ìwọ alára, ṣé wàá ra ilé yìí?"

"Bí mo bá lówó ẹ̀, lónìí." Abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú òun. "Afẹ́fẹ́ tó ń wọlé níbí láàárọ̀ máa ń jẹ́ kí n gbàgbé ohun tó ń dùn mí."

"Kí ló ń dùn ẹ́?"

"Ìyá mi fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n mi jù mí lọ."

Màdáàmù Góòlù wò ó pẹ́. "Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀," ó wí. "Sọ fún ọ̀gá ẹ kó gbé ìwé wá. Inú ilé yìí gan-an ni mo ti fẹ́ fọwọ́ sí i."

*

Nígbà tí ìròyìn yẹn dé ọ́fíìsì, Àǹtí Àgbà ń fi ìyarun họ àtẹ́lẹsẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ẹsẹ̀ náà ti ń yún un láti ọ̀sán ọjọ́ Ajé. Ó ti fi ìpara pa á, ó ti fi omi gbígbóná bọ̀ ọ́. Bó bá ti jókòó, á dìde. Ìgbà tó gbọ́ pé Màdáàmù Góòlù fẹ́ fọwọ́ síwèé, ó bá ara rẹ̀ lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kó tó mọ ibi tó ń lọ.

"Òògùn yín ti di àwúre fún un," ó wí. "Òótọ́ tó ń sọ ni obìnrin yẹn fẹ́ràn."

Káfíńtà rẹ́rìn-ín ẹ̀rín rẹ̀ tí kò ní ohùn. Lẹ́yìn náà ló rí i bó ṣe ń fi ẹsẹ̀ kan họ èkejì. Ẹ̀rín náà lọ.

"Ta ló ń rán kọ́tìnì ilé yẹn?"

Àǹtí Àgbà sọ ọ́. Káfíńtà gbé ayùn sílẹ̀.

"O ò sọ fún mi."

"Ẹ ò bi mí."

"Lọ yọ oǹdè yẹn. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ síwèé nínú ilé yẹn ni kó o ti yọ ọ́. Bí ìwé bá bá a níbẹ̀, ilé ti gbà á nìyẹn."

"Kí ló máa wá ṣẹlẹ̀?"

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ." Ó ti ń ti fèrèsé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, oòrùn ọ̀sán sì wà lójú ọ̀run. "Má padà wá síbí mọ́."

Ẹ̀rù ba Àǹtí Àgbà, àmọ́ owú rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣírò. Bí òun bá yọ oǹdè, irọ́ á padà sẹ́nu Abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ á rẹ́rìn-ín, á ní omi ń ṣàn, etí Màdáàmù Góòlù á sì gbọ́ ọ. Ìyẹn á ba gbogbo nǹkan jẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré délé.

*

Ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí ó ku wákàtí kan kí wọ́n dé, Àǹtí Àgbà fi kọ́kọ́rọ́ kejì ṣílẹ̀kùn. Bó ti tẹ ilẹ̀ ibẹ̀ báyìí, ẹsẹ̀ tó ń yún un dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ló yẹ kó bà á lẹ́rù. Ó fa àga, ó gùn ún, ó nawọ́ sókè.

Oǹdè náà kò ṣeé yọ. Pákó ti dàgbà bò ó ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ó fi èékánná wa á, èékánná ya. Lójú tiẹ̀, kò lò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ níbẹ̀, síbẹ̀ oòrùn ti yí kúrò lójú fèrèsé kan dé ìkejì nígbà tí lífìtì dún.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọ̀gá ló kọ́kọ́ wọlé, Màdáàmù Góòlù tẹ̀ lé e. Abẹ́rẹ́ wà lẹ́yìn pẹ̀lú ìwé lábíyá, ó di Màmá lọ́wọ́ mú nítorí orúnkún wọn.

"Kí lò ń ṣe lórí àga?" Ọ̀gá béèrè.

Mo wá wo férémù ni, sà. Bó ṣe tò ó lọ́kàn nìyẹn. Ó la ẹnu, ìpẹtà sì kún un.

"Mo wá yọ òògùn tí mo fi síbí ni," ó wí.

Ó di ètè mú. Ètè náà ṣí mọ́ ọn lọ́wọ́. "Kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ mi, Ọ̀gá. Mo ti gé e kí ẹ tó gbà á. Mo lọ bá káfíńtà, mo ní kó ṣe òògùn sí àbúrò mi kó má baà rí ilé tà. Ó bi mí bóyá kó kú. Mo ní rárá, ṣùgbọ́n mo rò ó wò kí n tó ní rárá. Nígbà tó ń sunkún sí mi léjìká, ó dùn mọ́ mi. Owú ẹ̀ ń pa mí, ẹ̀yin èèyàn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e délé láti ilé ìwòsàn ló ti ń pa mí."

Ó sọ̀kalẹ̀ lórí àga, ó wo Abẹ́rẹ́. Kò yà Abẹ́rẹ́ lẹ́nu.

"O mọ̀," Àǹtí Àgbà wí.

Abẹ́rẹ́ fẹ́ mi orí pé rárá. Kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀ wà lápò rẹ̀.

"Mo mọ̀ láti ọjọ́ Ajé," ó wí. "Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú Màmá wá ni. Mo fẹ́ kí wọ́n bá yín níbí. Mo ti múra láti dárí jì yín níṣojú wọn, kí wọ́n lè fojú ara wọn rí ẹni tó dáa nínú àwa méjèèjì."

Àǹtí Àgbà ń wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ èdè. "Ìwọ tí wọ́n ń yìn látàárọ̀ dalẹ́. Kí lo tún ń wá?"

Ó yíjú sí ìyá wọn. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni lè dá a dúró, ó ti fi kọ́kọ́rọ́ kejì sí àtẹ́lẹwọ́ Màmá, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ọwọ́ náà dé.

"Màmá, ta lẹ fẹ́ràn jù nínú wa?"

Màmá pa ẹnu dé. Wọ́n gbé itọ́ mì lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gbé e mì lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n fẹ́ ju kọ́kọ́rọ́ náà sílẹ̀, ìka wọn kò ṣí.

"Ìwọ ni," wọ́n wí. "Láti ọjọ́ tí mo ti bí ẹ. Mi ò yìn ẹ́ rí torí mo rò pé o mọ̀. Àbúrò ẹ ni mò ń yìn, kó má baà fura."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́," Abẹ́rẹ́ wí.

"Mi ò lè dákẹ́. Bí ẹ̀gbọ́n ẹ ṣe ń ka ohun tó ṣe sílẹ̀ yẹn, irọ́ tí màá bá a pa ni mò ń wá lọ́kàn. Títí di báyìí, mo ṣì ń wá a." Omi ń ṣàn lójú wọn bọ́ sí àgbọ̀n bí wọ́n ṣe ń wo Abẹ́rẹ́. "Ká ní ìwọ lo ṣe é sí i, ọmọ mi, mi ò ní wá nǹkan kan fún ẹ."

Ohun tí Àǹtí Àgbà ti fẹ́ gbọ́ láti kékeré nìyẹn, ó sì gbọ́ ọ. Ayọ̀ dé sí i láyà. Ó wà níbẹ̀ fún ìwọ̀nba àkókò tí èèyàn fi ń ṣẹ́jú, lẹ́yìn náà ló rí ojú àbúrò rẹ̀.

Màdáàmù Góòlù ló kọ́kọ́ mira. Ó gba ìwé lábíyá Abẹ́rẹ́, ó tẹ́ ẹ sórí òkúta ilé ìdáná, ó fọwọ́ sí i. Bí bírò ti kúrò lórí ìwé, férémù ilẹ̀kùn han gooro, pákó sì pa dé mọ́ oǹdè náà bí ẹnu. Kò sí ẹni tó lè tọ́ka sí ibi tó wà mọ́.

"Ẹ fi í síbẹ̀ fún mi," ó wí. "Ọmọkùnrin mẹ́rin ni mo bí. Màá gé kọ́kọ́rọ́ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan."

Ọ̀gá gbọn ọwọ́ Abẹ́rẹ́ láìwo ojú rẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, yàrá onígíláàsì ti di tiẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹni tó máa kúrò ní ọ́fíìsì àti ẹni tó máa kù níbẹ̀ sì ti di tiẹ̀ náà. Abẹ́rẹ́ dúpẹ́. Ó lọ bá Màmá, ó ṣí ìka wọn lẹ́yọ lẹ́yọ, ó sì gba kọ́kọ́rọ́ kejì kúrò níbẹ̀.

"Àǹtí mi," ó wí, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè rárá. "Mi ò dárí jì yín mọ́."

Kọ́kọ́rọ́ méjèèjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó sọ ọ́.